Bọ́ọ̀lù ìrántí akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Bọ́ọ̀lù ìrántí ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí ẹbí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti dolóògbé ń ṣètò láti fi yẹ́ ẹ sí. Ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, pápá ilé ẹ̀kọ́ girama dára fún un, torí orí irú pápá bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kóòṣì ti lo agbára wọn. Ó lè jẹ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan péré, tí àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ àná yóò kojú ti òní, ó sì lè jẹ́ ìdíje onífe ẹ̀yẹ. Ìdíje ẹgbẹ́ mẹ́jọ, níbi tí ẹni tó bá pàdánù ti ń lọ sílé, yóò gba ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje. Ó di mẹ́jọ bí wọ́n bá fẹ́ du ipò kẹta.

Mùsùlùmí kì í pẹ́ sin òkú, nítorí náà àyíká fídáù ọjọ́ ogójì ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí. Ti Krìstẹ́nì lè wáyé ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, ní ìrọ̀lẹ́ ṣáájú àìsùn. Bí àyè kò bá sí, ìrántí ọdún kan ń dúró de gbogbo wọn.

Ìtàn olóògbé

Kí wọ́n tó tẹ ìwé ètò, ó yẹ kí ìtàn tó wà nínú rẹ̀ dájú. Stephen Keshi, tó ti jẹ́ balógun àti kóòṣì Super Eagles, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà, jẹ́ àpẹẹrẹ bí àṣìṣe ṣe ń wọlé. Ó kú ní ìlú Benin lọ́jọ́ 7 oṣù Okúdù 2016, lẹ́ni ọdún 54. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Shuaibu Amodu, tí òun náà ti kọ́ Super Eagles, tún papò dà. Àwọn kan ń sọ pé Keshi ló darí Togo ní Ife Àgbáyé 2006 ní Jámánì. Òun ló kọ́ wọn títí wọ́n fi yege láti lọ, ṣùgbọ́n Otto Pfister ni kóòṣì wọn nígbà tí wọ́n débẹ̀. Àwọn mìíràn ń pè é ní ẹni àkọ́kọ́ tó gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tó sì tún gbà á nígbà tó di kóòṣì. Ẹnì kejì ni. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì ló ṣáájú rẹ̀.

Keshi ni balógun ikọ̀ tó gba ife 1994. Ti 2013, tó gbà gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì, wáyé ní Johannesburg lọ́jọ́ 10 oṣù Èrèlé, nígbà tí góòlù kan ṣoṣo tí Sunday Mba gbá wọlé borí Burkina Faso. Àkúrẹ́ náà ní ìpín níbẹ̀: Godfrey Oboabona, tó ń gbá fún Sunshine Stars nígbà náà, ló dúró ní ẹ̀yìn àárín pẹ̀lú Kenneth Omeruo lọ́jọ́ náà. Kóòṣì tó gbójú lé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílé kò lè ṣàjèjì sí Àkúrẹ́. Pápá ìṣeré ìlú Asaba ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí.

Kóòṣì ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti àdúgbò kì í ní àkọsílẹ̀ tó báyìí. Ẹni tó ń kọ ìtàn rẹ̀ á bi ó kéré tán èèyàn mẹ́ta tó bá a ṣiṣẹ́ ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á sì mú ohun tí ẹnu méjì bá kò lé: ọdún tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ tó kọ́, ife tó gbà, àwọn tó jáde lábẹ́ rẹ̀.

Pápá

Òfin gba pápá tó gùn ní mítà 90 sí 120, tó sì fẹ̀ ní mítà 45 sí 90. Igun pápá ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀. Okùn mítà 12 ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: wọ́n á ta kókó sí mítà 3 àti mítà 7, wọ́n á so orí méjèèjì pọ̀, wọ́n á sì fà á le di onígun mẹ́ta. Igun tó wà níbi kókó àkọ́kọ́ ni igun pápá tó gún régé. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi okùn wọn pápá láti igun kan sí ìkejì tó kọjú sí i. Bí pápá bá jẹ́ mítà 100 sí 64, ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ mítà 118.7, bí ọ̀kan bá gùn ju ìkejì lọ, pápá ti wọ́.

Gbogbo ìlà tí wọ́n máa fà lé ní mítà 650, kò sì yẹ kí ìlà kankan fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ. Ẹfun ló dára jù. Láìmù tí àwọn kunlékunlé ń lò máa ń jó ojú àti egbò ẹni tó bá ṣubú lé e, ọ́ọ̀lì kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sì ń pa koríko. Nígbà òjò, òwúrọ̀ ọjọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fa ìlà, torí òjò òru kan péré ti tó láti fọ̀ ọ́ nù. Bí ààrá bá sán, gbogbo èèyàn á kúrò lórí pápá títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó sán gbẹ̀yìn.

Àkókò náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá gbéra láago mẹ́rin àbọ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 90 àti ìsinmi 15, á parí ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 15. Ní oṣù Bélú, oòrùn Àkúrẹ́ ti fẹ́ wọ̀ nígbà yẹn. Bó bá wá di pẹnáritì, kípà á máa wá bọ́ọ̀lù nínú òkùnkùn.

Ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú kan

Apá yìí ló kúrú jù nínú ètò, òun náà ló sì rọrùn jù láti dàrú. Ẹni tó mú gbohùngbohùn dání lè kéde rẹ̀ láìsọ fún rẹfirí. Kípà kan ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ òpó, orin ṣì ń dún lápá kejì, ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá sì ń pe oníbàárà.

Bó ṣe yẹ kó lọ nìyí. Wọ́n á pa orin kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jáde. Ẹgbẹ́ méjèèjì á tò yí òbìrìkítí àárín ká, àwọn rẹfirí á dúró pọ̀, bọ́ọ̀lù á sì wà lórí àmì. Wọ́n á dárúkọ olóògbé lẹ́ẹ̀kan. Fèrè àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdákẹ́jẹ́, ìkejì parí rẹ̀, rẹfirí nìkan ló sì ń wo aago.

Ohun kan wà tí àlejò lè má fura sí: ẹkún, oríkì àti ìlù ni àwọn àgbà mọ̀ mọ́ ìdárò, dídákẹ́ kọ́. Bí wọn kò bá bá onílù sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, á rò pé àyè ṣófo ni, á sì fi gángan dí i. Ẹ̀yìn fèrè kejì gan-an ni oríkì olóògbé ti ń bọ́ sí i. Àwọn mìíràn ń pàtẹ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan dípò ìdákẹ́jẹ́, ìyẹn náà kò burú.

Aṣọ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ apá. Ti balógun gbọ́dọ̀ yàtọ̀, kí rẹfirí lè dá a mọ̀. Ẹni tó bá gbá góòlù wọlé tó sì bọ́ jẹ́sì láti fi àwòrán kóòṣì tó wà lábẹ́ rẹ̀ han èrò máa gba káàdì ìkìlọ̀ (yẹ́lò), ìrántí ni o, òfin ò yọ ti ìrántí sílẹ̀. Kí wọ́n gbé àwòrán náà jáde kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbà lórí pápá

Iṣan ẹ̀yìn itan ni í sábà fà mọ́ àwọn tó ti fi bàtà bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún ọdún pípẹ́, torí ọkàn wọn ṣì ń sáré bíi tàná, ṣùgbọ́n iṣan ti gan. Kí wọ́n fi ìṣẹ́jú 15 na ara, kí apá kọ̀ọ̀kan má kọjá ìṣẹ́jú 25 sí 30, kí wọ́n sì lè pààrọ̀ ara wọn bó ṣe wù wọ́n. Bí ẹnìkan bá ṣubú láìkọlu ẹnikẹ́ni, tí kò sì dáhùn, tí kò mí dáadáa, kí wọ́n pe 112, kí ẹnìkan sì máa tẹ àárín àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàálélọ́gọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú kan. Omi kọ́ ni wọ́n ń dà sí i lẹ́nu.

Ẹ̀yẹ

Ẹgbẹ́ tó ní agbábọ́ọ̀lù 18 àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta gba mẹ́dà 21. Méjì jẹ́ 42. Bí wọ́n bá fi rẹfirí mẹ́rin kún un, ó di 46. Àwọn rẹfirí yìí ni wọ́n ń gbàgbé. Ẹgbẹ́ tó bá gbé ife lọ á fọwọ́ sí ìwé pé àwọn á dá a padà ní oṣù kan ṣáájú ìdíje tó ń bọ̀. Ẹni tó ń fín orúkọ sára ife nílò ìwé tí wọ́n fi àmì ohùn sí dáadáa. Èyí tí wọ́n bá pè fún un lórí fóònù, bó ṣe gbọ́ ọ ló máa fín in.