Owó ni àṣẹ àkọ́kọ́: bí ọmọ ogun alágbàṣe ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú Mount & Blade: Warband

Ní gbogbo ọjọ́ méje nínú Mount & Blade: Warband, ìwé ìṣirò kan máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà. Iye tó wọlé wà níbẹ̀, iye tí àwọn ọmọ ogun gbà lọ wà níbẹ̀, ìlà tó kẹ́yìn sì ń sọ bóyá nǹkan kù sápò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbá géèmù yìí máa ń sáré tẹ bọ́tìnì kọjá lórí ìwé náà kí wọ́n lè tètè padà sójú ogun. Ibẹ̀ gan-an ni ogun ti ń bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, pàápàá bó bá jẹ́ pé ọmọ ogun alágbàṣe ló pọ̀ jù lábẹ́ wọn. Àṣẹ ojú ogun ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú àpò owó, nínú àpò oúnjẹ àti nínú ọkàn àwọn jagunjagun kí wọ́n tó tò sórí pápá ló ń sọ bóyá wọ́n á dúró jẹ́ àṣẹ náà tàbí wọ́n á sá.

Ilé iṣẹ́ TaleWorlds, tó wà ní ìlú Ankara lórílẹ̀-èdè Tọ́kì, ló ṣe Warband, ọdún 2010 ló sì jáde. Calradia ni wọ́n pe ilẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sí ilẹ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé, àmọ́ ìjọba mẹ́fà tó wà níbẹ̀ jọ àwọn tó ń jagun ní Yúróòpù àti agbègbè rẹ̀ láyé àwọn ẹlẹ́ṣin onírin. Swadia ní ẹlẹ́ṣin tí irin bò látòkè délẹ̀. Àwọn Rhodok mú àkàtànpó àti ọ̀kọ̀ gígùn, àwọn Nord ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ ìjà pẹ̀lú àáké, àwọn Vaegir jẹ́ tafàtafà, àwọn Khergit ń ta ọfà láti orí ẹṣin, àwọn Sarranid sì ni ará aṣálẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀, kò sí iwin. Ebi, àárẹ̀, gbèsè àti irin ló wà, ìyẹn ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ alágbàṣe ní ìwúwo nínú rẹ̀ ju nínú ọ̀pọ̀ géèmù ogun lọ.

Abúlé ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun jọ. Denar 10 (denar ni owó tí wọ́n ń ná nínú géèmù náà) ni wọ́n ń san lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kọ̀ọ̀kan, bí àárín èèyàn àti abúlé náà bá sì ṣe gún tó ni iye tó máa tẹ̀ lé e ṣe máa pọ̀ tó. Owó wọn kò wọ́n rárá, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mọ ogun. Kí wọ́n tó di akọni, wọ́n ní láti ja ìjà kéékèèké púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ọlọ́ṣà, kí ẹni tó ń darí wọn sì ní ìmọ̀ tí géèmù náà pè ní Trainer, èyí tó ń fún àwọn tí ipò wọn kéré ní ìrírí díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ti kú kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀.

Ilé ọtí inú àwọn ìlú ńlá ni ti àwọn alágbàṣe. Bí èèyàn bá wọlé, ó lè rí olórí ẹgbẹ́ kan tó dúró, tó ń wá ẹni tó máa gba òun àtàwọn èèyàn òun síṣẹ́. Iye wọn máa ń yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, irú wọn náà sì máa ń yí padà bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Ilé ọtí tó ṣófo lónìí lè kún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ipò wọn bẹ̀rẹ̀ láti orí Watchman, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọdẹ tó ń ṣọ́ ọjà lọ, títí dé Hired Blade tó ń fi idà jà nílẹ̀ àti Mercenary Cavalry tó ń gun ẹṣin. Mercenary Crossbowman wà láàárín, àkàtànpó sì ni ohun ìjà rẹ̀. Owó ìgbàsíṣẹ́ kọ́kọ́ wà tí wọ́n ń gbà lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá san án ti ní jagunjagun tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kí ó tó jáde nílé ọtí.

Lẹ́yìn èyí ni owó ọ̀sẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ipò ọmọ ogun ni géèmù náà ń wò láti mọ iye tó tọ́ sí i. Bó bá ń gun ẹṣin, owó náà á lé sí i. Bó bá jẹ́ alágbàṣe, wọ́n á tún fi ìdajì iye náà kún un. Nítorí náà, alágbàṣe ẹlẹ́ṣin ni ìnáwó rẹ̀ wúwo jù, bẹ́ẹ̀ òun náà sì ni èèyàn máa ń fẹ́ràn jù nílé ọtí, torí pé ẹwà rẹ̀ lórí pápá kò ṣeé fojú fò. Ìmọ̀ kan wà tó ń fúyẹ́ ẹrù yìí, Leadership ni wọ́n ń pè é. Ìpele kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń gé ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó ọ̀sẹ̀ gbogbo ọmọ ogun, ó ń fi àyè èèyàn márùn-ún kún iye tí èèyàn lè kó, ó sì tún ń gbé ọkàn wọn sókè. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi alágbàṣe jagun tí kò sì fi nǹkan kan sórí Leadership kò tíì bẹ̀rẹ̀. Òkìkí náà ní ipa tirẹ̀: gbogbo òkìkí 25 tí èèyàn bá ní ń fàyè sílẹ̀ fún ọmọ ogun kan sí i.

Ibi tí ìnáwó yìí ti ń dunni jù ni àkókò tí kò sí ogun. Bí ẹni tó háyà mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ kan tó wá gbé e síwájú ilé ni ọ̀gágun tó kó alágbàṣe 40 tó sì ń fi wọ́n rìn káàkiri Calradia láìní ibi tí wọ́n ń lọ. Àgbà nínú géèmù yìí máa ń kọ́kọ́ mọ ilé olódi tó fẹ́ gbógun tì, á ra oúnjẹ, á fi àwọn ọmọ abúlé tirẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀, lẹ́yìn náà ni á yà sílé ọtí. Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí agbo ọmọ ogun tóbi láìnídìí: bó bá ṣe ń tóbi ni ìrìn rẹ̀ lórí máàpù ń fà, oúnjẹ ń tètè tán, ọkàn àwọn tó wà nínú rẹ̀ náà sì ń wálẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkàn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fiyè sí tó. Géèmù náà ń fi nọ́ńbà wọn ìgboyà gbogbo agbo. Ìṣẹ́gun ń gbé e sókè. Oríṣiríṣi oúnjẹ náà ń gbé e sókè, kì í ṣe pípọ̀ oúnjẹ nìkan: àpò ọkà kan lásán ò lè ṣe ohun tí búrẹ́dì, wàràkàṣì, ẹja àti ẹran máa ṣe bí wọ́n bá jọ wà nínú ẹrù. Ìfìdírẹmi lójú ogun àti owó tí a kò san ló ń fà á wálẹ̀. Bí owó ọ̀sẹ̀ ò bá pé, gbèsè ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, ìgboyà á sì máa jò. Tó bá ti jò dé ibì kan, àwọn ọmọ ogun á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ lóru, àwọn tó ṣẹ́kù á sì máa kẹ́yìn síjà ní àárín ogun.

Níbí yìí ni alágbàṣe ti ní àǹfààní kan tí ọmọ ogun mìíràn kò ní. Ọmọ ogun tó ti Swadia wá kì í fẹ́ bá Swadia jà. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá ń dojú kọ ìlú rẹ̀ léraléra, ìbínú á máa pọ̀ nínú rẹ̀. Alágbàṣe kò ní ìjọba kankan lórí máàpù. Ó lè bá ọba èyíkéyìí jà láìsí pé ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Fún ẹni tó ń yí ìhà padà, tàbí tó ń múra láti dá ìjọba tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tó ti ń sìn tẹ́lẹ̀, ohun kan ṣoṣo yìí tó láti san ìdajì owó tí wọ́n fi kún un.

Nínú ìtàn gidi, ohun tí owó àìsan ń fà burú ju ti géèmù lọ. Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ṣe àdéhùn Brétigny lọ́dún 1360, ogun dúró, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jagunjagun tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Wọn ò tú ká. Wọ́n kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ẹgbẹ́ lábẹ́ àwọn olórí wọn, wọ́n ń kó àwọn abúlé, wọ́n ń gba owó ìràpadà lọ́wọ́ àwọn ìlú. Lọ́dún 1362, àwọn ẹgbẹ́ yìí ṣẹ́gun ọmọ ogun ọba Faransé fúnra wọn ní Brignais, nítòsí Lyon. Àwọn ẹgbẹ́ asáfógun tó ń rìn káàkiri lórí máàpù Calradia, tí wọ́n sì ń dènà de ẹni tó ń kọjá, jẹ́ àwòrán kékeré irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Bí a bá wá dé ojú ogun, ìmúrasílẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo agbo ló ń wọ pápá lẹ́ẹ̀kan náà tí ogun bá tóbi. Apá kan á kọ́kọ́ wọlé, àwọn tó kù á máa wọlé bí àwọn tó wà níwájú ṣe ń ṣubú. Bí orúkọ wọn ṣe tò nínú ìwé agbo ni wọ́n ń tẹ̀ lé wọlé. Ẹni tó bá fi àwọn ọmọ abúlé sókè ìwé náà tó sì fi Hired Blade sísàlẹ̀ ti fi àwọn òpè ṣíwájú, àwọn tó ń san owó ńlá fún á sì máa dúró lẹ́yìn títí ogun á fi bàjẹ́. Warband tún jẹ́ kí èèyàn pín àwọn jagunjagun sí ọ̀wọ́ mẹ́sàn-án, kí ó sì fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ó dára kí àwọn ẹlẹ́ṣin alágbàṣe ní ọ̀wọ́ tiwọn, kí wọ́n má baà dà pọ̀ mọ́ àwọn ẹlẹ́ṣin tí kò tíì gbó.

Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pè wọ́n: 1 fún ẹlẹ́sẹ̀, 2 fún tafàtafà, 3 fún ẹlẹ́ṣin, 0 fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni F1. F1 lẹ́ẹ̀mejì ń sọ pé kí wọ́n dúró síbẹ̀, F1 àti F2 pé kí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀gá wọn, F1 àti F3 pé kí wọ́n ya lu ọ̀tá. Bí èèyàn bá tẹ F1 mọ́lẹ̀ láìfi sílẹ̀, àsíá kan á hàn, á sì lè gbé e sí ibi tó bá fẹ́ kí wọ́n dúró. Àsíá yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Orí òkè ni ibùjókòó àwọn alákàtànpó, torí pé láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti lè máa ta kọjá lórí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ tó dúró níwájú wọn pẹ̀lú asà. Ẹlẹ́ṣin á tẹ̀ lé ọ̀gá lọ sí ẹ̀gbẹ́, á dúró títí àwọn ọ̀tá á fi so mọ́ àwọn ẹlẹ́sẹ̀, ìgbà náà ni á tó ya wọlé láti ẹ̀yìn wọn. Ohun tó ń pa alágbàṣe olówó ńlá jù ni F1 àti F3 tí wọ́n tẹ̀ ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́: àwọn ẹlẹ́ṣin á ṣíwájú, wọ́n á dá débẹ̀, ọ̀kọ̀ gígùn àwọn Rhodok á sì gbà wọ́n lálejò.

Àkàtànpó láìsí ààbò níwájú ti ba orúkọ àwọn alágbàṣe jẹ́ rí. Ní Crécy, ní ilẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1346, àwọn alákàtànpó láti Genoa tí ọba Faransé háyà ni wọ́n kọ́kọ́ rán síwájú. Asà ńlá tí wọ́n máa ń fara pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti fa okùn àkàtànpó wọn ṣì wà nínú ẹrù lẹ́yìn. Àwọn tafàtafà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rọ ọfà lé wọn, wọ́n padà sẹ́yìn, àwọn ẹlẹ́ṣin Faransé tí wọ́n ń jà fún sì gun ẹṣin gba orí wọn kọjá pẹ̀lú ìbínú. Wọ́n pe àwọn ará Genoa ní ojo. Ẹni tó rán wọn lọ láìdúró de asà wọn ni ẹ̀bi náà wà lọ́rùn rẹ̀.

Nígbà tí ogun bá parí, iye tó kú yàtọ̀ sí iye tó ṣubú. Ìmọ̀ Surgery ló ń pín wọn: ìpele kọ̀ọ̀kan ń fi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kún àǹfààní pé ẹni tó ṣubú á kàn gbọgbẹ́ ni. Alágbàṣe kan tó bá kú ti gbé owó ìgbàsíṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì dájú pé ilé ọtí tó wà nítòsí á ní irú rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ nínú agbo máa ń dín ìnáwó kù ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ.

Àwọn géèmù mìíràn gba ọ̀nà tiwọn. Nínú Medieval II: Total War tó jáde lọ́dún 2006, ọ̀gágun nìkan ló lè gba alágbàṣe, agbègbè tó bá wà ló sì ń sọ irú èyí tó máa rí. Wọ́n lè tán ní agbègbè kan, á sì gba ìgbà díẹ̀ kí àwọn mìíràn tó wà níbẹ̀. Ìlú kò lè fi èèyàn tuntun dí àlàfo àwọn tó kú nínú ọ̀wọ́ wọn bó ṣe ń ṣe fún ọmọ ogun ilé. Ìyẹn jẹ́ kí wọ́n wúlò fún ẹni tí ogun bá lókèèrè, tí ìlú tirẹ̀ kò lè tètè rán ìrànlọ́wọ́ sí i.

Ní Warband, ẹni tó bá gba ilé olódi tí kò sì fẹ́ lé àwọn alágbàṣe rẹ̀ lọ lè fi wọ́n síbẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́. Ìdajì owó ọ̀sẹ̀ ni wọ́n á máa gbà. Ó sì lè yí ọ̀rọ̀ náà padà, kí òun fúnra rẹ̀ di alágbàṣe. Àdéhùn oṣù kan ni ìjọba máa ń bá a ṣe, owó á máa wọlé fún un, tí oṣù náà bá sì pé, ó lè tún un ṣe tàbí kó lọ bá ẹlòmíràn. John Hawkwood gbé irú ayé yìí gan-an. Ará Essex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó darí ẹgbẹ́ White Company ní Ítálì, ó jà fún Pisa, fún póòpù àti fún Milan, kó tó wá fìdí múlẹ̀ sí Florence, níbi tó kú sí lọ́dún 1394. Àwọn ará Florence ní kí Paolo Uccello ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri kàtídírà wọn lọ́dún 1436. Nínú Bannerlord, géèmù tó tẹ̀ lé Warband, àdéhùn alágbàṣe ti yàtọ̀: ipa tí ìdílé ẹni bá kó lójú ogun ni wọ́n ń sọ di denar, nítorí náà ẹni tó kó èèyàn púpọ̀ wá tí kò jà kò ní rí nǹkan kan gbà.