Kí Ẹ Tó Kó Òṣìṣẹ́ Lọ Sí Àpérò Ìta Ọ́fíìsì

Bí ilé-iṣẹ́ bá pè mí pé kí n wá bá àwọn darí àpérò ìta ọ́fíìsì, ìyẹn ìpàdé ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ń kó òṣìṣẹ́ lọ ṣe níbòmíràn, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bi mí ni ibi tó yẹ kí wọ́n lọ. Èmi náà á bi wọ́n pé, kí lẹ fẹ́ kó ti yanjú nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀? Ibẹ̀ á wá dákẹ́ rọ́rọ́. Bó bá yá, ẹnì kan á ní, “Kí ìṣọ̀kan lè wà láàárín wa ni.” Ìṣọ̀kan dára, àmọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́? Ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sílẹ̀ ní gbólóhùn kan: “Ká tó padà, a ó ti mú iṣẹ́ mẹ́ta tí a máa gbájú mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, a ó sì ti mọ èyí tí a máa pa tì.” Bí ẹ kò bá rí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kọ, ẹ kúkú fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ méjì. Owó tí ẹ máa ná á dín kù, inú wọn á sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gbólóhùn yẹn náà ló máa sọ iye èèyàn tí ẹ máa kó lọ. Bó bá jẹ́ ìpinnu lẹ fẹ́ ṣe, ẹ má kó èrò jọ. Tí wọ́n bá ti ju bí i méjìlá lọ nínú yàrá kan, àwọn mẹ́ta mẹ́rin ni yóò gba ọ̀rọ̀ náà sọ, àwọn yòókù á di òǹwòran. Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, tí wọn kì í fojú kan ara wọn, yàtọ̀. Automattic, ilé-iṣẹ́ tó ni WordPress.com tí àwọn èèyàn fi ń ṣe ìkànnì ayélujára, tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ fọ́n ká orílẹ̀-èdè púpọ̀, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó gbogbo wọn jọ sójú kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, àkókò oúnjẹ àti ìrìn fàájì gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n bá wá.

Ẹnu ọ̀gá ni àpérò ti sábà máa ń bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ọ̀gá á dìde, á ní òun kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣí i, á sì sọ èrò ọkàn rẹ̀ tán pátá. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá wa ṣe sọ.” Wọn kì í ṣe ojo. Ẹni tó ń buwọ́ lu owó oṣù wọn ló ti sọ̀rọ̀. Nítorí náà mo máa ń bá ọ̀gá sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà: ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, sà, ẹ ò sì ní jókòó síwájú. Mo máa ń fún ọ̀gá ní ìwé àti bírò kó máa kọ ohun tó bá ń yún un lẹ́nu. Àwọn ọ̀gá mìíràn máa ń kọ ìwé náà kún.

Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ èrò wọn kí wọ́n tó sọ ọ́. Lọ́dún 1987, Michael Diehl àti Wolfgang Stroebe, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé àwọn tó dá ronú, tí wọ́n wá kó èrò wọn pọ̀, mú èrò wá ju iye èèyàn kan náà tó jókòó pọ̀ sọ̀rọ̀ lọ. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń dúró de àyè, tí àyè bá fi máa kàn wọ́n, wọ́n ti gbàgbé.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí Bernd Rohrbach ará Jámánì gbé kalẹ̀ lọ́dún 1968. Èèyàn 6 á jókòó yí tábìlì ká, kálukú pẹ̀lú bébà kan níwájú rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 5, kálukú á kọ èrò 3, á sì sún bébà rẹ̀ sí ẹni tó wà lápá ọ̀tún. Ẹni yẹn á ka ohun tó wà lókè, á kọ 3 tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Tí bébà bá yí ká tán, ìṣẹ́jú 30 ti lọ, èrò 108 sì wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní láárí, kò sì burú. Ẹni tí ẹ kì í gbọ́ ohùn rẹ̀ nípàdé ti kọ 18 nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ tún bi ara yín ní ìbéèrè tí Gary Klein, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ̀wé nípa rẹ̀ nínú Harvard Business Review, ìwé ìròyìn nípa ìdarí iṣẹ́, lọ́dún 2007: ká ní iṣẹ́ yìí ti forí ṣánpọ́n, kí ló fà á? Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní adènà á wá rí àyè sọ ohun tó ti ń bà á lẹ́rù tipẹ́.

Ní ti ètò yòókù, ẹ dé síbẹ̀ ní alẹ́ tó ṣáájú. Ẹ bi kálukú léèrè oúnjẹ tí kì í jẹ, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ yàrá ìpàdé. Ẹ ka ìwé àdéhùn hòtẹ́ẹ̀lì dáadáa, pàápàá ibi tí wọ́n ti sọ owó tí wọn kò ní dá padà bí iye èèyàn bá dín. Ẹ tètè sọ ọjọ́ náà, nítorí ẹni tó ní ọmọ kékeré nílé nílò àkókò láti wá ẹni tí yóò mójú tó o. Ẹ má fi eré ìdárayá di dandan; orúnkún kò rí bákan náà. Ẹ fi ọ̀sán ọjọ́ kan sílẹ̀ láìfi nǹkan kan sí i.

Ní wákàtí tó kẹ́yìn, ìpinnu kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lára, pẹ̀lú ọjọ́ tó máa parí. Bí ẹ bá kọ “gbogbo wa” síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní ṣe é. Ẹ mú ọjọ́ ìpàdé àyẹ̀wò, bí oṣù kan sí i, kí ẹ tó wọ ọkọ̀. Ẹ má sì gbàgbé àwọn tó dúró sẹ́yìn láti máa bójú tó ọ́fíìsì o: kí ọ̀gá fẹnu ara rẹ̀ sọ ìpinnu fún wọn láàárọ̀ tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n má baà jẹ́ pé fọ́tò orí WhatsApp nìkan ni wọ́n máa rí.