Bíbẹ́ igi lórí kì í jẹ́ kó kúrú

Tí òjò bá ti ń múra àtirọ̀ ní Àgbádárìgì, tí ìjì sì ti ká páànù ilé ẹnì kan lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wàá máa gbọ́ láti Ajárá dé Tọ́pò: "Ẹ jẹ́ ká tètè bẹ́ igi yìí lórí kó tó wó lu ilé." Wọ́n á wá ọmọkùnrin kan tó lè gungi, òun àti àdá ẹ̀, tàbí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì ìgégi. Kó tó di ọ̀sán, máńgòrò tó ń ṣíji bo gbogbo àgbàlá ti di òpó mẹ́ta tó dúró gọ̀ngbọ̀n láìléwé. Onílé á wò ó, á ní ojúde òun ti mọ́. Bí ewé tútù bá wá bò ó lẹ́yìn oṣù bíi méjì, á pe aládùúgbò kó wá wo bí igi ṣe lẹ́wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà gbọ́ ni pé igi tí a bá bẹ́ lórí á kúrú, á lágbára, ìjì ò sì ní lè wó o mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ́.

Mi ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ṣá, torí ohun tí à ń fojú rí ló kọ́ wa. Àgúnmánìyẹ̀ tí wọ́n fi ṣọgbà, gé e mọ́lẹ̀, á tún hù. Ixora tí wọ́n gbìn síwájú ilé, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rẹ́ ẹ lórí, ṣe ló sì ń ki sí i. Àmọ́ ẹ̀ka tí wọ́n ń rẹ́ lára ixora kì í sábà nípọn tó ìka ọwọ́, ojú ẹ̀ kì í pẹ́ dí. Ẹ̀ka máńgòrò tó ti lo ogún ọdún kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ.

Ewé ni ilé ìdáná igi. Ibẹ̀ ló ti ń fi oòrùn se ohun tó ń jẹ. Ẹni tó kó gbogbo ewé lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti wó ilé ìdáná. Oúnjẹ tí igi ti kó pamọ́ sínú ìtí àti gbòǹgbò ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ná, kó lè tètè yọ ewé míì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀mùnú fi ń rú jáde lọ́pọ̀ yanturu yí ojú ibi tí wọ́n gé ká. À ń pè é ní ẹwà, ebi ló ń pa igi.

Sún mọ́ ọ̀mùnú yẹn kí o yẹ̀ ẹ́ wò. Di ọ̀kan mú nítòsí ìdí, kí o sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀: á já pọ́n-ún, á sì bó èèpo fẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ̀ lé e. Ẹ̀ka tí igi bí fúnra ẹ̀ kì í já bẹ́ẹ̀, torí inú lọ́hùn-ún ló ti bá ìtí jáde, ọdọọdún ni ara àwọn méjèèjì sì ń wọnú ara wọn. Abẹ́ èèpo lásán ni ọ̀mùnú yìí ti yọ. Síbẹ̀ ó ń sáré ga. Láàárín ọdún díẹ̀, igi á ti padà sí gíga tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀ka tín-ín-rín tí kò múlẹ̀ ló sì máa pọ̀ jù lórí ẹ̀. Ìjì tí à ń sá fún á wá bá wọn níbẹ̀.

Igi ò sì lè tún ibi tí wọ́n gé ṣe kó padà bọ̀ sípò bí awọ ara ènìyàn. Ohun tó lè ṣe ni pé kó mọ ògiri sínú ara ẹ̀ kí ìjẹrà má baà tàn kálẹ̀, kó sì máa fi ara tuntun bo ojú ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alex Shigo, onímọ̀ igi ní Amẹ́ríkà, la ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè rí ògiri yìí. Ohun tó rí kò gbe àwọn tó ń kun ojú ibẹ̀ lẹ́yìn: ọ̀dà kì í dá ìjẹrà dúró. Nítorí náà, ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ lára mọ́tò, tí wọ́n ń fi pa ojú ibi tí wọ́n gé "kí ikán má baà jẹ ẹ́," fi í sílẹ̀. Igi tí wọ́n gé síbi tó yẹ ò nílò ẹ̀. Èyí tí wọ́n gé sáàárín ìtí, ọ́ìlì ò lè gbà á.

Ibo ló wá yẹ? Wo ìdí ẹ̀ka, níbi tó ti pàdé ìtí. Wàá rí i pé ó wú díẹ̀, tí èèpo ibẹ̀ sì ká jọ. Ọrùn ẹ̀ka nìyẹn, inú ẹ̀ ni ara tó máa bo ojú ọgbẹ́ wà. Ìta ọrùn yẹn gan-an ni kí ayùn gbà. Má gé e wọnú ìtí kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ, má sì fi kùkùté gígùn sílẹ̀. Tí ẹ̀ka bá wúwo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gé e: wọ́n á kọ́kọ́ fi ayùn há a díẹ̀ láti abẹ́, níwọ̀n apá kan sí ìtí, wọ́n á gé e láti òkè níwájú ibẹ̀ díẹ̀ kó fi jábọ́, wọ́n á wá gé ìyókù níta ọrùn. Ẹni tó bá fo ti àkọ́kọ́, bí ẹ̀ka bá ti ń ṣubú ló máa ya èèpo ìtí lọ wálẹ̀.

Àwọn ará Japan tí ayé mọ̀ mọ́ títún igi ọgbà ṣe kì í dúró dìgbà tí igi bá ju agbára wọn lọ. Tí igi páìnì wọn bá ń rúwé, ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, wọ́n á fi ọwọ́ já lára ọ̀mùnú tuntun. Tí ooru bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á tún gun àkàbà lọ já ewé tó ti gbó kúrò, kí oòrùn lè wọ inú igi. Ní ọgbà Kenroku-en ní Kanazawa, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn so ẹ̀ka rọ̀ kí yìnyín má baà ṣẹ́ ẹ. Yìnyín ò kàn wá. Gígé díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, láti kékeré igi, lohun tó kàn wá.

Àsìkò tiwa náà wà. Orí ẹ̀ka tó ti gbó ni máńgòrò ti ń tanná, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Gbàrà tí èso bá tán lórí ẹ̀ ni kí o tún un ṣe, kí ẹ̀ka tuntun lè ráyè gbó kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tó bá gé e ní oṣù kọkànlá ti gé èso ọdún tó ń bọ̀ dànù. Tí kò bá wá so, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ló wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀ka tó ti kú, tó kọlu ara wọn, tàbí tó ki jù nínú ni kí wọ́n yọ, kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín igi kọjá. Kò yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé ẹ̀ lọ lọ́dún kan. Tí wáyà iná bá kan ẹ̀ka, iṣẹ́ àwọn oníná nìyẹn.

Gíga nìkan kọ́ ló ń wó igi. Igi Agia tí wọ́n wàásù ìyìn rere lábẹ́ ẹ̀ níbí ní 1842, 1959 ni ìjì tó wó o; bó ṣe ga tó, ó ṣì dúró fún ọdún 117 lẹ́yìn ìwàásù náà. Tí igi àgbàlá ẹ bá ń bà ọ́ lẹ́rù, ilẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò: ṣé wọn ò gé gbòǹgbò ẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ fìdí fẹ́ǹsì? Ṣé ilẹ̀ ò ti ń là nídìí ẹ̀? Tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bíbẹ́ ẹ lórí ò ní so gbòǹgbò padà. Ó lè jẹ́ pé kí wọ́n gé e kúrò pátápátá ló kù.

Àgbọn tiẹ̀ tún yàtọ̀. Orí kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ nìkan ló ti ń dàgbà. Bẹ́ ẹ lórí, ó kú nìyẹn. Imọ̀ tó ti gbẹ àti èso nìkan ni kí wọ́n máa ká.

Máńgòrò tí wọ́n ti bẹ́ lórí tẹ́lẹ̀ ṣì ṣe é tún ṣe, tí kùkùté ẹ̀ ò bá tíì jẹrà. Lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan, yan ọ̀mùnú kan tàbí méjì tó sanra jù, tó sì dojú kọ ìta. Má yọ ìyókù lẹ́ẹ̀kan náà; gé àwọn kan kúrú lọ́dún yìí, kí o yọ àwọn míì lọ́dún tó ń bọ̀, títí tí èyí tí o yàn fi máa di ẹ̀ka. Ní gbogbo ìgbà náà, má so okùn ìsáṣọ mọ́ ọn, má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún.