Ìwé Ọ̀fẹ́ Ń Náni Lówó

Bí ẹnìkan bá gbé páálí ìwé mẹ́ta wá sí ilé-ìkàwé yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí a sì dá méjì padà, yóò sọ pé ìgbéraga ló ń dà wá láàmú. Rárá o. Ká mọ ìwé tó yẹ ká gbà àti èyí tí kò yẹ ni olórí ọgbọ́n iṣẹ́ wa, ó sì le ju títo ìwé sórí pẹpẹ lọ.

A ó kọ ìwé ọ̀fẹ́ náà sínú kátálọ́ọ̀gù, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìwé tó wà nílé-ìkàwé, a ó wá àyè fún un, a ó máa nu eruku ọyẹ́ lára rẹ̀, a ó sì máa ṣọ́ ikán. Àgbà ló sì sábà máa ń mú un wá, ẹnu gbọ́dọ̀ dùn: "Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àkọlé wọn. Èyí tí kò bá bá ohun tá à ń kọ́ níbí mu, ṣé ká bá yín fún ilé-ẹ̀kọ́ girama?"

Yíyọ ìwé àtijọ́ kúrò tún le ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ orí ìwé nìkan kò tó wò. LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ń kọ́ni ní ìṣègùn. Ìwé nípa lílo oògùn tó ti pé ogún ọdún lè ṣi dókítà ọ̀la lọ́nà. Nínú ìlú kan náà ni ilé-ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ Onítẹ̀bọmi wà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1898. Níbẹ̀, ìròyìn míṣọ́nnárì ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn gan-an ni olùwádìí ń wá. Àwọn kan máa ń wo àkọsílẹ̀ ìwé yíyá nìkan. Èmi ò gbà á gbọ́ tán, torí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń ka ìwé lórí tábìlì láì yá a lọ sílé.

Ìtàn ìlú àti iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ ní tiwọn, ẹ má yọ wọ́n, torí bí wọ́n bá sọnù, kì í rọrùn láti rí wọn padà. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù nílùú Òyìnbó. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù, ó sì di 1921 kó tó jáde.

Jọ́nà, ìyẹn ìwé ìwádìí tó ń jáde lóòrèkóòrè, tí a bá rà á ní bébà, tiwa ni. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí owó ọdọọdún bá dúró, ọdún tí a ti sanwó fún pàápàá lè bá a lọ. Kíka ìwé àdéhùn ti wá di ara iṣẹ́ wa. Àwọn ètò kan wà tó ń jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ ka jọ́nà orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú: Hinari wà fún ìṣègùn, AGORA fún iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kí ẹnìkan sì máa bójú tó páásíwọ́ọ̀dù. Koha tí a fi ń ṣe kátálọ́ọ̀gù lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó máa tún un ṣe tó bá kọṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi orúkọ ìwé tí ẹ fẹ́ ránṣẹ́ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀: òǹkọ̀wé, ọdún àti ISBN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. "Ìwé pupa kan báyìí tó sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ ọ̀gbìn" kò lè jẹ́ ká rí i rà.