Ohun-ìní ni, kì í ṣe àbùdá: ibi tó yẹ ká kọ oja = [] sí nínú Python

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń ṣàlàyé kóòdù Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ yé pe attribute, ìyẹn nǹkan tí a so mọ́ ẹ̀dà kan, ní "pírọ́pátì". Ilé àti ilẹ̀ ni aráàlú ń pè bẹ́ẹ̀. "Àbùdá" tí àwọn mìíràn ń lò tilẹ̀ burú jù ú lọ: àbùdá ni ohun tí gbogbo irú ẹ̀dá kan jọ ní, èrò yẹn gan-an ló sì ń ti akẹ́kọ̀ọ́ sínú àṣìṣe tí mo fẹ́ tú palẹ̀ yìí. Ohun-ìní ni ká máa pè é, nítorí kálukú ló ní tirẹ̀.

class Onibara:
    oja = []

ade = Onibara()
bola = Onibara()
ade.oja.append("iresi")
print(bola.oja)

['iresi'] ló máa jáde. Bọ́lá kò ra nǹkan kan, síbẹ̀ ìrẹsì Adé ti wọ inú ẹrù rẹ̀. Bí àmù kan ṣoṣo tó wà lágbàlá ló rí: ẹni tó bá da iyọ̀ sí i, omi oníyọ̀ ni gbogbo ilé máa mu. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Python ṣe àkójọ (list) yẹn, ìyẹn [], nígbà tó ń ka kíláàsì (class) náà, àwòṣe tí a fi ṣe ade àti bola. Ẹ tẹ ade.oja is bola.oja, True ló máa sọ. Ẹ tẹ vars(ade), tó ń fi ohun tó jẹ́ ti ade fúnra rẹ̀ hàn, {} tó ṣófo lẹ máa rí: Adé kò ní ohun-ìní kankan. Bó ṣe yẹ ká kọ ọ́ nìyí:

class Onibara:
    def __init__(self):
        self.oja = []

Gbogbo ìgbà tí a bá pe Onibara() ni __init__ ń ṣiṣẹ́, àkójọ tuntun ló sì ń ṣe fún ẹ̀dà (instance) kọ̀ọ̀kan, bí ade àti bola. self ni ẹ̀dà tí a ń ṣe lọ́wọ́. Bí ẹ bá gbàgbé self, inú __init__ ni oja máa parẹ́ sí, ẹ ó sì rí AttributeError, àṣìṣe pé ohun-ìní náà kò sí, lẹ́yìn náà. Ẹ má kọ __init__(self, oja=[]) o, àkójọ kan náà ni gbogbo wọn tún máa jọ ní. oja=None ni kí ẹ kọ, kí ẹ wá ṣe àkójọ náà nínú __init__.

Nọ́ńbà ló ń tan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ. Bí gbese = 0 bá wà lábẹ́ kíláàsì, ade.gbese += 500 kò ní kan Bọ́lá rárá, torí += ń kọ iye tuntun sára ade. append kì í ṣe bẹ́ẹ̀; inú àkójọ tó ti wà nílẹ̀ ló ń ju nǹkan sí.

Ẹni tó bá ń lo @dataclass, tó ń bá wa kọ __init__, tó sì wọlé pẹ̀lú Python 3.7, kò ní rí ọ̀nà kọ oja: list = []. Àṣìṣe ValueError ló máa bá pàdé. field(default_factory=list) ni kó fi rọ́pò rẹ̀.