Kí ló ń jẹ́ collocation gan-an?

Ọmọ kan tí mo ń kọ́ ní lesson n'Ẹ̀pẹ́ kọ àròkọ Gẹ̀ẹ́sì nípa ọjà Olúwo, ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "I heard the smell of fish from the road". Mo mọ ibi tó ti mú un. Ẹni tó bá dé ọjà yẹn rí á mọ̀ pé kéèyàn tó rí ẹja ló ti ń gbọ́ òórùn ẹ̀, gbọ́ náà la sì ń sọ. Àmọ́ lọ́dọ̀ Òyìnbó, etí nìkan ni "hear" wà fún, imú ní tiẹ̀: "I could smell the fish from the road".

Ohun tí wọ́n ń pè ní collocation nìyẹn, pé àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ti jọ ń rìn tipẹ́, tẹ́ ẹ bá yọ ọ̀kan tẹ́ ẹ fi òmíì tó jọ ọ́ síbẹ̀ ó ṣì lè yé èèyàn o, àmọ́ kò ní dùn ún gbọ́. Onímọ̀ èdè kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, J. R. Firth, sọ ọ́ ní 1957 pé ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń kó la fi ń mọ̀ ọ́n, àwa náà sáà máa ń sọ pé fi ọ̀rẹ́ ẹ hàn mí kí n sọ irú ẹni tó o jẹ́.

Yorùbá náà kún fún un. À ń jẹ gbèsè, à ń jẹ oyè, à ń jẹ ìyà, kò sóúnjẹ kankan níbẹ̀. À ń mu sìgá, à ń pa òwe. Tí àlejò bá ní òun fẹ́ lọ "ṣeré bọ́ọ̀lù" ó máa yé yín, àmọ́ ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé gbá ló yẹ kó sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Òyìnbó náà rí. Òjò tó pọ̀, "heavy rain" ni, tíì tó ki, "strong tea". Àṣìṣe, "make" ló ń bá a rìn. "Off the gen" tá a máa ń sọ ládùúgbò yẹn, "turn off" ni.

Àṣìṣe mìíì tún wà, "I did not went". Ìyẹn ò sí lára collocation ní tiẹ̀, bí verb, ìyẹn ọ̀rọ̀ ìṣe, ṣe ń yí padà ni, mo sì fẹ́ kó yé wa torí ó pọ̀ lẹ́nu wa gan-an. Mo lọ lánàá, mi ò lọ, màá lọ lọ́la, "lọ" wa ò yí padà rárá. Tiwọn ń yí, "go" á di "went", ṣùgbọ́n tí "did" bá ti wọlé, òun ló ti ru ẹrù àná yẹn, kò sẹ́ni tó tún gbọ́dọ̀ rù ú mọ́, "go" á padà sí bó ṣe wà: "I did not go".

Mo ní kí ọmọ yẹn ra ìwé kékeré kan, kó má kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lóun nìkan mọ́, kó máa kọ ọ́ pẹ̀lú èyí tó ń bá a rìn. Àná ló mú "catch a cold" wá, ó ní ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn Òyìnbó ni wọ́n ń mú ọ̀fìnkìn ni, ṣebí ọ̀fìnkìn ló ń mú wa? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn ni wọ́n ń mú un, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.