Akọrin tó fi dígí wo ọ̀fun ara rẹ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí Manuel García

Mo dárúkọ Manuel García fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kétu, ni ìbéèrè bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Àwọn kan bi mí lójú ẹsẹ̀, àwọn kan kọ ọ́ sórí WhatsApp, àwọn òbí náà sì dá sí i. Ohun tí mo sọ kò ju èyí lọ: ẹni tó kọ́kọ́ rí bí ohùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀fun ènìyàn alààyè, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀, akọrin ópẹ́rà ni, kì í ṣe dókítà. Ọ̀pọ̀ ni kò gbà á gbọ́. Èsì mi nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ta ni ọkùnrin yìí gan-an? Ópẹ́rà tí ẹ ń sọ ńkọ́?

Ópẹ́rà ni eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe. Ìfẹ́ ni o, ìjà ni o, ikú ni o, orin ni wọ́n fi ń sọ ọ́, àwọn olóhun-èlò orin á sì jókòó síwájú ìtàgé, wọn á máa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Ilẹ̀ Ítálì ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1600.

Inú ilé olórin ni wọ́n bí García sí, ní Sípéènì, lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1805. Bàbá rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Manuel García, gbajúmọ̀ olóhùn tẹ́nọ̀, ìyẹn ohùn òkè ọkùnrin, ni. Ohùn bàbá yìí ni Rossini, ará Ítálì tó ń kọ ópẹ́rà, wò nígbà tó kọ orin fún ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Kọ́ǹtì Almaviva nínú ópẹ́rà onígbàjámọ̀ ìlú Seville, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Róòmù ní 1816. Àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin náà kọrin débi tí òkìkí wọn fi bo ti ẹ̀gbọ́n mọ́lẹ̀. Maria Malibran, tí àwọn ará Yúróòpù ń rọ́ lọ gbọ́ níbikíbi tó bá ti ń kọrin, ṣubú lórí ẹṣin, ó sì kú lọ́mọ ọdún 28 ní 1836. Pauline Viardot, àbíkẹ́yìn wọn, pẹ́ láyé ní tirẹ̀, ó kọrin, ó kọ́ni, ó sì ń kọ orin tuntun sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1910.

Ní 1825 bàbá kó ìyàwó àtọmọ, wọ́n sọdá òkun lọ sí New York. Alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún náà ni wọ́n ṣe ópẹ́rà onígbàjámọ̀ yẹn níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n kọ ópẹ́rà lédè Ítálì ní ìlú náà. Manuel wa yìí, ọmọ ogún ọdún, ló ṣe onígbàjámọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí kò fi bá orin lọ?

Ohùn rẹ̀ kò gbé e. Bàbá náà le koko lórí ẹ̀kọ́ ohùn, iṣẹ́ Amẹ́ríkà sì pọ̀ ju ohun tí ọ̀fun ọ̀dọ́mọdé lè gbà lọ. Kó tó pé ọmọ ọdún 25, ó ti fi ìtàgé sílẹ̀. Ní 1830 ó bá àwọn ọmọ ogun Faransé lọ sí Algiers, nígbà tó sì padà dé, ó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn àwọn ológun, ó sì tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, pàápàá gògóńgò.

Ibí yìí ni ọkùnrin náà ti wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ti rí akọrin tí ohùn rẹ̀ lọ tó sì ń wá ẹni tó ṣe é. García ń wá ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà ọ̀fun. Pauline sọ ọ́ nígbà ogbó rẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun a máa kó gògóńgò ẹran sínú àpò aṣọ wálé, ti adìẹ, ti àgùntàn, ti màlúù. Á gbé ẹwìrì lé òun lọ́wọ́, òun á tì í bọ ẹnu ọ̀nà gògóńgò náà, òun á sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i gidigidi. Ti adìẹ á ké bí adìẹ, ti àgùntàn á ké bí àgùntàn, ti màlúù á bú ramúramù, bí ẹni pé ẹran ọ̀hún wà láàyè. Ẹran tó ti kú, tí kò sí orí, tí kò sí ahọ́n, ó ń dún! Ohun tí èyí fi hàn án ni pé inú gògóńgò ni ìró ti ń bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ ló sì ń lé e jáde.

Ìbéèrè: Báwo ló ṣe wá rí inú ọ̀fun ara rẹ̀? Ojú kì í rí ibẹ̀.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854 ni. London ló ń gbé nígbà yẹn, ìsinmi ló wá lò ní Paris. Ó ń rìn nínú ọgbà Palais-Royal, ohun tó ti ń rò láti ọdún pípẹ́ ló sì ń rò: ọgbọ́n wo ni ènìyàn lè dá kó fi rí ohùn níbi tó ti ń jáde? Oòrùn ń tàn sára gíláàsì fèrèsé àwọn ilé tó yí ọgbà náà ká, ó ń kọ mànà padà sí i lójú. Lójijì, ó rí i lọ́kàn rẹ̀ pé dígí méjì ló máa ṣe é. Ọ̀kan á wà nínú ẹnu, ọ̀kan á wà lọ́wọ́, ti ọwọ́ á gba ìtànṣán oòrùn, á sì darí rẹ̀ sára ti inú ẹnu.

Ó gba ọ̀dọ̀ Charrière lọ, ẹni tó ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ. Dígí kékeré kan wà nílẹ̀ níbẹ̀, olọ́wọ́ gígùn, tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣègùn eyín. Wọ́n ti pàtẹ rẹ̀ ní London ní 1851, ẹnikẹ́ni ò kà á sí. Fráǹkì mẹ́fà ni wọ́n tà á fún un. Ó wá dígí ọwọ́ mọ́ ọn, ó sì sáré gba ilé arábìnrin rẹ̀ lọ. Ó ri dígí kékeré náà sínú omi gbígbóná kí èémí má bàa bo ojú rẹ̀, ó nù ún gbẹ, ó tì í títí dé ibi ẹran kékeré tó so rọ̀ lẹ́yìn ẹnu. Ó gbé dígí ọwọ́ sójú oòrùn. Ó rí i! Ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde là sílẹ̀ débi pé ó rí apá kan ọ̀nà èémí nísàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn dókítà kan ti gbìyànjú dígí ṣáájú rẹ̀, àìsàn ni wọ́n sì ń wá. Ìṣesí ohùn ni García ń wá ní tirẹ̀. Ó lè kọrin sí dígí yẹn, ó lè gbé ohùn sókè kó sọ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe wù ú, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀, wọ́n sì ka ìwé náà níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Royal Society ní London ní 1855. Ariwo kékeré ni wọ́n pa lé e lórí. Àwọn dókítà méjì, Türck àti Czermak, ló gbé dígí náà wọ iṣẹ́ ìṣègùn ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Czermak sì lo ìmọ́lẹ̀ àtùpà dípò oòrùn. Ní 1862 yunifásítì Königsberg fi oyè dókítà ìṣègùn dá olùkọ́ orin lọ́lá. Bí ẹ bá lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun, àwọn tí a ń pè ní ORL níbí, tó sì ti dígí kékeré olọ́wọ́ gígùn sí yín lẹ́nu, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ló ń bá lọ.

Ìbéèrè: Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?

Awọ méjì ni, tí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ń pè ní tán-án-ná. Nínú ọkùnrin, gígùn wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì àti díẹ̀ lọ, ti obìnrin kúrú jù bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń mí, wọ́n á là sọ́tọ̀. Bí a bá fẹ́ fọhùn, wọ́n á pàdé, èémí á ti wọn láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa ṣí, wọ́n á máa pa. García sọ ọ́ pé afẹ́fẹ́ tó ń já gbà láàárín wọn ní díẹ̀díẹ̀ yìí ló ń di ohùn. Tí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ lásán, wọ́n á ṣí, wọ́n á pa ju ìgbà ọgọ́rùn-ún lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Olóhùn sòpúránò, ìyẹn ohùn òkè obìnrin, tó bá dé òkè téńté ń kọjá ìgbà ẹgbẹ̀rún kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yìí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń sọ fún ọmọdé pé kó pariwo sí i. Awọ kékeré yẹn ló ń gbá ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé olùkọ́ tó dáa ni, àbí onímọ̀ lásán?

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ó kọ́ni ní Conservatoire, ilé ẹ̀kọ́ orin ti Paris, lẹ́yìn náà ó kọ́ni ní Royal Academy of Music ní London láti 1848 títí di 1895, nígbà tó ti di ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ akọrin wa mọ̀ lára àwọn tó kọ́ ni Jenny Lind, ọmọ Swídìn. Ó ti ń kọrin lórí ìtàgé láti kékeré, wọ́n sì ti lò ó jù. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ García ní Paris ní 1841, kò tíì ju ọmọ ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ sì ti bó. Ó kọrin fún un, orin náà dákú mọ́ ọn lẹ́nu. García sọ fún un pé kò sí ohùn níbẹ̀ mọ́ tí òun máa kọ́. Kò lé e lọ o. Ó ní kó lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó má kọ orin kan, kó sì dín ọ̀rọ̀ sísọ kù. Nígbà tó padà wá, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ohùn láìfi ipá lù ú. Obìnrin yìí ló wá di gbajúmọ̀ tí gbogbo Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń sanwó gọbọi láti gbọ́.

Ẹ wo ìgboyà tó wà nínú kí olùkọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó rin ìrìn-àjò jíjìn wá pé kó dákẹ́. Nínú ẹgbẹ́ akọrin tiwa, bí ohùn ọmọ bá há lọ́jọ́ Sátidé, a ṣì fẹ́ kó dúró ní iwájú lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ó ní kí tán-án-ná pàdé dáadáa kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀, kí ìbẹ̀rẹ̀ orin lè mọ́ kedere. Àwọn kan gbọ́ ọ, wọ́n rò pé kí wọ́n máa fi ipá gbá ọ̀fun ni, wọ́n sì ba ohùn jẹ́. Ó pẹ́ tó fi ń ṣàlàyé pé ohun tí òun wí kọ́ nìyẹn.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń kọrin láìsí míkró, tí ohun-èlò orin ò sì bo ohùn wọn?

Agbára ohun-èlò orin pọ̀ jù níbi ìró tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 500 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, lókè jù bẹ́ẹ̀ ó ń dínkù. Ní àwọn ọdún 1970, Johan Sundberg, onímọ̀ ará Swídìn, fi hàn pé àwọn olóhùn ópẹ́rà, pàápàá àwọn ọkùnrin, ní agbára tó pọ̀ ní àyíká ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, níbi tí ohun-èlò ti rọlẹ̀, tí etí wa sì ti ń gbọ́ dáadáa. Wọ́n ń sọ gògóńgò kalẹ̀, wọ́n sì ń la ọ̀fun sílẹ̀ lókè rẹ̀, ìyẹn ló ń mú kí ohùn wọn dán. Wọn kò borí ohun-èlò nípa ariwo. Ibi tó ṣófo ni wọ́n ń gbà kọjá.

Ọmọ Kétu kò yẹ kó rí èyí bí ohun àjèjì. Kí míkró tó dé, Ẹ̀fẹ̀, akọrin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ń dúró lójú ọjà lóru, ó ń kọrin sí gbogbo ìlú, ó ń súre, ó ń bú oníwà burúkú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì yé ẹni tó wà lẹ́yìn. Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà pàtàkì fún gbogbo ayé ní 2001, inú wa dùn sí i, ọ̀rọ̀ ère àti aṣọ sì ni ọ̀pọ̀ ń sọ. Ohùn Ẹ̀fẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn onímọ̀ wa wá wọ̀n bí Sundberg ṣe wọn ti àwọn tirẹ̀, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n kọ ṣì wà láàyè.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí a kì í fi gbọ́ ọ̀rọ̀ tí obìnrin ópẹ́rà ń kọ lókè?

Bó ṣe ń gòkè ló ń la ẹnu sí i kí ohùn lè jáde. Tó bá ga tó, i, u, e, gbogbo rẹ̀ á máa dún bí a.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ṣé orógbó tí mo ń fún ọmọ mi kó tó kọrin dáa?

Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Orógbó kì í dé ara tán-án-ná. Ọ̀nà èémí ni dígí García ti bá tán-án-ná, nǹkan tí a bá sì gbé mì, ọ̀nà oúnjẹ ló ń gbà, tí ìdérí kan á sì bo ọ̀nà èémí títí yóò fi kọjá. Tó bá tẹ̀ sọ́nà èémí, ikọ́ ni. Ẹ jẹ́ kó mu omi dáadáa láti òwúrọ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá ti dìde láti kọrin. Tí ohùn rẹ̀ bá há tó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ORL, mà.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọkùnrin ọdún 14 ni mí, ohùn mi ń fọ́. Ṣé kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀?

Àbúrò, má lọ. Gògóńgò rẹ ń dàgbà, tán-án-ná rẹ ń gùn sí i, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń yọ̀ mọ́ ọ lẹ́nu. Kúrò ní ìlà ohùn òkè tí o wà láti kékeré, wá sí àárín, kí o máa kọ ibi tó bá rọrùn nìkan. Bí ó bá dùn ọ́ lọ́fun, dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, jókòó tì wá kí o máa fi ojú ka orin. Mo ti sọ fún ọ̀gá akọrin pé kí ẹnikẹ́ni má fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́.